Òrìṣà Tí Ọdẹ́sànmí Yàn fún Àwẹ̀ró

Nígbà náà, Efúnṣeyè ṣì wà láyé, ìyá tó bí Ọdẹ́sànmí, ẹni tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ nídìí ààrò, gbogbo agbo ilé á dákẹ́. Oyèníran adẹ́mu ṣì wà láyé, ó ṣì ń gun ọ̀pẹ bí ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò pé ọ̀pẹ náà ni yóò jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Baálẹ̀ abúlé Ìdí-Ẹ̀mì ṣì wà, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ibíwùmí, ìyàwó Ọdẹ́sànmí, ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà wà láyé. Gbogbo wọn ti lọ báyìí, wọn ò sì tò lọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tò. Ẹni tó yẹ kó gbẹ̀yìn kọ́ ló gbẹ̀yìn.

Ọdẹ́sànmí ni ọdẹ àgbà wọn. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí Oyèníran bá ti sọ akèrègbè ẹmu kalẹ̀ lábẹ́ igi, tọmọdé tàgbà á pé yí ọdẹ yìí ká, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìrìn-àjò rẹ̀ sí ìlú Aṣerédàgbà. Ẹnu rẹ̀ ni ìtàn náà ti jáde. Ṣùgbọ́n Ibíwùmí náà máa ń sọ tirẹ̀ nídìí ìkòkò, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. A da ti ọkọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó níhìn-ín, nítorí ẹnu ọdẹ nìkan kò ká ọ̀rọ̀ náà.

Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tó dúró fún wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ eyín iwájú ni nígbà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní lọ́sàn-án gangan, ó sùn, kò sì jí mọ́. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n wọ́n omi sí i lójú, kò ṣẹ́jú. Wọ́n da ata síná, gbogbo ilé ń sín, títí kan ewúrẹ́, Àwẹ̀ró kò sín. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń sun oorun ìgbádùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń gbẹ bí ewé tí wọ́n já sórí àpáta.

Efúnṣeyè wá jókòó tì í, ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ yìí ò kú, kò sì ṣàìsàn," ló wí. "Inú apẹ̀rẹ̀ ló wà ní ìlú Aṣerédàgbà. Bó ṣe ṣe àbúrò mi nìyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

"Irú ìlú wo nìyẹn, Ìyá mi?" Ọdẹ́sànmí bi í.

"Ìlú àwọn iwin tí kò níṣẹ́ méjì ju eré lọ. Gbogbo ọmọ aráyé ló ní ọmọlangidi kan lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á fi amọ̀ mọ òkè àti odò sílẹ̀, wọ́n á wá gbé ọmọlangidi sórí rẹ̀. Ọ̀kan á ní, 'Ọmọ tèmi dé ẹnu ihò, ó wọlé.' Èkejì á ní, 'Ejò ló bá níbẹ̀.' Wọ́n á ju eegun sílẹ̀, bí eegun bá ṣe dojú kọ lọ̀rọ̀ yóò ṣe rí. Eré ni lójú wọn, ayé wa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lófin: ọmọlangidi tí kò bá tíì ní òrìṣà tí yóò fẹ́ràn ju gbogbo òrìṣà lọ, kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ eré. Inú apẹ̀rẹ̀ ni yóò wà, ẹni tó ni ín á sì máa sùn títí yóò fi gbẹ. Àfi kí ẹni tó mọ ọmọ náà jù lọ lọ síbẹ̀, kó bá a yan òrìṣà."

"Ta ló lọ fún àbúrò yín?"

"Ìyá wa ni. Ta ni ì bá tún lọ?"

Ibíwùmí ti dìde. Ó ti tún ìró rẹ̀ dì. "Èmi ni mo mọ ọmọ mi jù," ó wí. "Ẹ fi ọ̀nà hàn mí, Ìyá."

Ọdẹ́sànmí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Igbó iwin lo fẹ́ wọ̀ yẹn, Ìyá Àwẹ̀ró, kì í ṣe ìdí ẹfọ́. Kí ni wọn ó máa pè mí lágbo ọdẹ? Ọdẹ tó jókòó sílé tí ìyàwó rẹ̀ ń bá iwin wí?"

"Ìka tó tọ́ símú ni à á fi í romú, Bàbá Àwẹ̀ró."

"Ọwọ́ tó ń yìnbọn ló tọ́ sí igbó."

Ibíwùmí wo ìyá ọkọ rẹ̀. Efúnṣeyè wo ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n: bó bá ti di orí kunkun báyìí, òkúta gbọ́ràn jù ú lọ. Ibíwùmí bá di àádùn àti ẹran gbígbẹ fún un. Bó ṣe ń so ẹnu àpò ọdẹ, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ìwà ọmọ fún yín kí ẹ tó lọ. Ohun tó wù ú, ohun tí kò wù ú..."

"Ọmọ mi ni! Ẹ̀jẹ̀ mi ni! Kí ni wàá sọ fún mi nípa ẹ̀jẹ̀ mi?"

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ.

Ibi tí ọdẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nìyí lábẹ́ igi, ẹmu á ti wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bẹ̀rù òkùnkùn ẹ̀yìnkùlé," á wí, "ẹ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń rìn!"

Igbó Ìfọ́nnu ló kọ́kọ́ wọ̀. Nínú igbó yìí, gbogbo ohun tí èèyàn bá ti fi fọ́nnu rí láyé ni yóò di ẹrù lé e lórí. Kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan fi balẹ̀ gbì lórí rẹ̀: ẹfọ̀n tó ní òun pa lọ́wọ́ lásán. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, gbì: ẹkùn tó ní òun fi okùn ṣòkòtò so mọ́gi. Gbì: òjòlá. Gbì: ogun tí wọn ò jà rí. Ọrùn rẹ̀ wọnú èjìká, orúnkún rẹ̀ ń kọrin.

"Ẹrù yẹn mà pọ̀ o, Bàbá ọdẹ!" Oyèníran á ké láti ẹ̀yìn. "Igbó náà kò ní tó ibi tí ẹ ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́sànmí náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Oyèníran, bí ìwọ bá wọ igbó yẹn, akèrègbè òfìfo ni wọn ó gbé lé ọ lórí."

Níbi tó ti ń làkàkà, ó rí iwin kékeré kan tó jókòó sórí kùkùté, tó ń sunkún. Iwin náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá òun, òun ò ṣe ohun kan tó ṣeé fọ́nnu rí. Àwọn ẹgbẹ́ òun kì í pe òun sí àjọ. Ọdẹ́sànmí ní, "Ọmọ dáadáa, gba ẹfọ̀n kan." Iwin gba ẹfọ̀n. "Gba ẹkùn." Ó gba ẹkùn. Ó gba gbogbo rẹ̀ títí ó fi pòórá sábẹ́ ẹrù, àfi ohùn rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ké pé, "Èmi ni mo pa á! Èmi ni!" Títí dòní, bí ẹ bá gbọ́ tí igi wó nínú igbó tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́, iwin yẹn ló ń fọ́nnu.

Ó kúrò níbẹ̀, ó kan odò. Omi rẹ̀ dúdú, kò sì dún. Iwin tó ń ṣọ́ ọ dúró sí àárín rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló ní, ìpàkọ́ lojú náà wà. Ó kọ̀yìn sí ọdẹ kó lè rí i.

"Ọdẹ, o ò ní kọjá láìdáhùn," iwin náà wí. "Ó ń wá pàdé rẹ lójoojúmọ́, o ò sì wo ojú rẹ̀ rí. Kí ni?"

Ọdẹ́sànmí ò tilẹ̀ ronú. "Oòrùn!"

Iwin rẹ́rìn-ín, omi odò ń gbọ̀n. "Ìdáhùn yẹn tó ọ láti fi la odò kọjá. Bóyá yóò tó ọ fi gbélé, n ò mọ̀." Omi pín, ó kọjá. Lábẹ́ igi, á lu àyà rẹ̀ pé, "Ta ló tún lè dá iwin lóhùn báyẹn, kó má mikàn?" Kò tíì rí i pé ẹ̀sín ni iwin fi òun ṣe.

Ó wá dé ìlú Aṣerédàgbà. Ìlú tí àwọn àgbàlagbà rẹ̀ kì í ṣe ju kí wọ́n jókòó sílẹ̀ lọ, irùngbọ̀n wọn ń wọ́ nínú amọ̀, ojú wọn ò gbé sókè sí àlejò. Wọn ò dáko, wọn ò dáná. Eegun ló ń dún lórí ilẹ̀, ariwo ẹnu wọn ló gba gbogbo ojú ọ̀run. "Tèmi gun òkè!" "Òkè ya!" "Òrìṣà rẹ̀ gbà á!" "Ju eegun ká wò ó!" Ọ̀kan sọkún nítorí pé ọmọlangidi rẹ̀ rì sómi, ojú ẹsẹ̀ ló nu ojú nù, tó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Ọdẹ́sànmí rí ìyẹn, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ ẹnìkan ló kú níbì kan yẹn.

Láàárín wọn ni arúgbó obìnrin kan wà tó ní ohùn ọmọdé. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ àwọn tí kò tíì lórìṣà. Ó ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, ó mú ọmọlangidi kan jáde. Ọdẹ́sànmí wò ó: igun iwájú orí Àwẹ̀ró, etí Àwẹ̀ró, àlàfo eyín Àwẹ̀ró.

"Mo wá bá a yan òrìṣà," ó wí.

"Ó dáa. Ẹni tí a bá mọ̀ là ń yàn fún. N ó bi ọ́ ní nǹkan. Kí ló fi ń ṣeré?"

Ọdẹ́sànmí tún ojú ṣe. "Ọmọ ọdẹ ni. Ìbọn onígi ni."

Ọmọlangidi náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ arúgbó.

"Kí ló ń bà á lẹ́rù?"

"Ọmọ tèmi? Ẹ̀rù kì í bà á."

Ọmọlangidi náà tún yí kúrò díẹ̀.

"Bó bá fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, ta ló ń ké pè?"

Ọdẹ́sànmí ò gbọ́ ọ rí kí ó fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tí ọmọ bá ń fẹsẹ̀ kọ, inú igbó lòun máa ń wà. Ó ní, "Èmi ni ó ń ké pè."

Ọmọlangidi náà kọ̀yìn sí i pátápátá, ó dojú kọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

Háà! Àwọn eléré gbàgbé eegun. Wọ́n fọwọ́ lu itan. "Ẹ wá wo ọdẹ o! Ọdẹ tó lè wo ilẹ̀ kó sọ bóyá akọ ìgalà ló kọjá tàbí abo, kò mọ ohun tó ń ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù!" Òmíràn ní, "Ẹ fún un ní ọmọ ìgalà kó gbé lọ sílé, ìyẹn ló mọ̀!"

Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Padà sílé," ó wí. "Lọ bi ìyá rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mi ò ní lọ síbì kan, igbó á sì jẹ́ kí o kọjá. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ti padà lọ bèèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ọdẹ́sànmí dúró. Ó rí ara rẹ̀ tó ń wọ Ìdí-Ẹ̀mì lọ́wọ́ òfo. Ó rí ojú Oyèníran. Ó rí ara rẹ̀ tó lóṣòó síwájú ààrò, tó ń sọ pé, "Ìyá Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, kí ló ń ba ọmọ wa lẹ́rù?", tí ìyá òun sì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ikú yá ju ẹ̀sín, ó wí fún ara rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ pé ikú ta ni.

"N ò padà síbì kan," ó wí. "Pe àwọn òrìṣà náà jáde."

Wọ́n jáde. Ẹ má rò pé òrìṣà tí ẹ mọ orúkọ wọn ni o. Òrìṣà tí wọn ò ní olùsìn ni wọ́n, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn ó máa gbè. Ọlọ́yàyà ló kọ́kọ́ yọ, ikùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ́ tèmi, ojoojúmọ́ lẹ́nu rẹ̀ yóò máa kún fún ẹ̀rín. Èèwọ̀ mi ni pé kò gbọdọ̀ di kùnrùngbùn." Ọdẹ́sànmí ní, "Kọjá. Mi ò bí aláwàdà."

Obìnrin kan tẹ̀ lé e, tínrín bí okùn, eruku dé orúnkún rẹ̀, kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kò ní bàtà. Ìyá Atẹ́ẹrẹ́ lorúkọ rẹ̀, òrìṣà ojú ọ̀nà ni. Ó ní, "Èmi ò lágbára tí mo lè fi pariwo. Ẹsẹ̀ ni mo ní. Ọmọ tó bá jẹ́ tèmi, ilẹ̀ kì í di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ewu á lé e, kò ní bá a. Èèwọ̀ mi kò ju pé kó má ṣe jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kó dí ẹlòmíràn lọ́wọ́." Ó wo ọdẹ lójú. "Ọdẹ, fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọlangidi yẹn kó o tó sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́sànmí wo ẹsẹ̀ eléruku rẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀. "Òrìṣà àwọn ojo lèyí. Kọjá."

Nígbà náà ni ilẹ̀ mì. Adúrómáyẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀wù irin, ojú bí ẹyin iná, idà tó gùn ju òpó ilé lọ. Àwọn eléré wólẹ̀. Ọkàn Ọdẹ́sànmí fò sókè bíi ti ọmọdé tó rí ẹran. Bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n ń yan òrìṣà fún, ta ni òun ì bá tún yàn?

"Èèwọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ," Adúrómáyẹ̀ wí. "Ẹni tó bá jẹ́ tèmi kì í sá, kì í sì í sáré. Ohun tó bá kọjú sí i, yóò kọjú sí i."

"Èyí ni!" Ọdẹ́sànmí ké. "Èyí ni mo yàn!"

Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ gbé ọmọlangidi náà sí àtẹ́lẹwọ́, kò tíì gbé e sílẹ̀. "Ọdẹ, ṣé òrìṣà tí ìwọ fẹ́ràn lò ń yàn yìí, àbí èyí tí òun yóò fẹ́ràn?"

"Kí ni ìyàtọ̀? Èmi ni mo bí i."

Arúgbó náà gbé Àwẹ̀ró sórí ilẹ̀ eré. Eegun dún.

Bí Ọdẹ́sànmí ṣe yọ lójú ọ̀nà Ìdí-Ẹ̀mì, igbe ayọ̀ ló gbọ́. Àwẹ̀ró ti jí! Ó ti jẹ ẹ̀kọ, ó ti mu omi, ó dúró ní àárín agbo ilé. Ọdẹ́sànmí la ọwọ́ méjèèjì. Àwẹ̀ró rìn wá, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, bí ìjòyè tó ń lọ sí àfin. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá mi."

"Ẹ wò ó!" Ọdẹ́sànmí kígbe sí àwọn ará ilé. "Ẹ wo ìrìn akin!"

Ibíwùmí ò kígbe. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àlejò tú ká, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí kò sáré wá pàdé yín?"

"Ta ló ń sáré pàdé mi?"

Ibíwùmí wò ó títí. "Lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti ìgbẹ́ dé ni. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn. Á gbọ́ fèrè yín láti ọ̀nà odò, á sì fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ máa ń na ẹran sí i pé kó gbé e wọlé. Ẹ kì í wo ilẹ̀ ni. Eré sísá nìkan ni eré tó ń ṣe, Bàbá Àwẹ̀ró. Gbogbo ọmọ abúlé yìí, kò sí èyí tó lè bá a. Iná ló sì ń bà á lẹ́rù. Bó bá fẹsẹ̀ kọ, ìyá yín ló ń ké pè, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Òrìṣà wo lẹ yàn fún un?"

Ó sọ fún un. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe idà náà.

Ibíwùmí jókòó sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. "Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ẹ̀sá ní í bá ogun lọ. Wọ́n ní òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti bá a."

"Kò ha wà láàyè ni? Kò ha jí ni?" Ọdẹ́sànmí bínú. "Obìnrin aláìmoore!"

Ohun tí ọdẹ kì í fi kún ìtàn tirẹ̀ lábẹ́ igi nìyí: Ibíwùmí lọ. Ó di àádùn tirẹ̀, ó wọ Igbó Ìfọ́nnu láàárọ̀. Kò fọ́nnu rí láyé rẹ̀, nítorí náà ohunkóhun kò jábọ́ lé e lórí; ó la igbó yẹn kọjá bí ẹni ń lọ pọnmi. Iwin odò kò bi í ní nǹkan, ó kàn yẹra fún un. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alápẹ̀rẹ̀, ó wólẹ̀, ó ní kó pa òrìṣà ọmọ òun dà, kó fún un ní ti ojú ọ̀nà. Arúgbó náà gbé e dìde, ó nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o pẹ́," ó wí. "Ẹni tó bá ti tẹ ilẹ̀ eré, a kì í pa òrìṣà rẹ̀ dà. Èmi náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣeré ló ṣòfin."

Ibíwùmí padà sílé, ó dáná, kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí Efúnṣeyè fi bi í léèrè. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Efúnṣeyè kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló pé, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi kú.

Àwẹ̀ró dàgbà. Bí àgbò bá kàn án, kò ní yẹ̀. Nígbà tí eégún alápàṣán jáde, tí gbogbo ọmọge ń sá wọlé, tí aṣọ ń ya, Àwẹ̀ró dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n nà án títí apá eégún fi rọ. Ọdẹ́sànmí ń jó láàárín ọjà. "Ẹ rí ọmọ akin? Ẹ rí ọmọ tí mo lọ gbà lọ́wọ́ iwin?" Nílé, Ibíwùmí ń fi òrí pa ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Kí ló dé tó ò kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Àwẹ̀ró?"

"Màámi, mo fẹ́ yà. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Bí n bá ti fẹ́ sáré, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n rì mí mọ́lẹ̀." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. "Ẹ má sọ fún Bàbá. Inú wọn ń dùn sí i."

Ibíwùmí kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ, ẹ̀ẹ̀rùn mú, àwọn ọdẹ sì fẹ́ sun ìgbẹ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọdẹ á ti iná bọ koríko láti òkè, obìnrin àtọmọdé á tò sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀, wọn ó máa dá òkété àti ọ̀yà tó bá ń sá bọ̀ lọ́nà. Ọdẹ́sànmí ni olórí. Òun fúnra rẹ̀ ló to àwọn èèyàn. Ibíwùmí ní kí Àwẹ̀ró má lọ. Ọdẹ́sànmí ní, "Ọmọ olórí ọdẹ ni yóò jókòó sílé? Àwọn àna wa ń bọ̀ wá wòran." Ó fi Àwẹ̀ró sí àárín gbùngbùn, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, òun náà sì dúró tì í.

Wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹran ń jáde, kùmọ̀ ń dún, Oyèníran ń fi ọdẹ ṣẹ̀fẹ̀. Lójijì afẹ́fẹ́ yí padà. Iná dìde dúró bí ẹṣin, ó kọjú sí wọn, ó ń bọ̀.

"Ẹ sá! Odò! Ẹ gba ọ̀nà odò!"

Wọ́n fọ́n ká. Àwẹ̀ró dúró. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára iná, òógùn bò ó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ gbọin.

"Sá!" Ọdẹ́sànmí kígbe. "Àwẹ̀ró, sá!"

Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á. Ó dà bí ẹni ń fa ìrókò. Ó gbá a mọ́ra láti gbé e, kò kúrò nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Adúrómáyẹ̀, ó ní òun dá èèwọ̀ náà padà, ó ní òun ló yàn án, òun ló kọ̀ ọ́. Iná nìkan ló ń dáhùn. Irun iwájú orí ọdẹ ti ń jó.

Àwẹ̀ró wá yíjú sí i. Ó pẹ́ tí wọ́n ti wo ara wọn lójú bẹ́ẹ̀, bóyá wọn ò tilẹ̀ ṣe é rí.

"Bàbá mi," ó wí, "ẹ máa sá lọ."

Ọdẹ́sànmí jọ̀wọ́ apá rẹ̀, ó sì sá. Ó sá kọjá Oyèníran, ó sá kọjá àwọn arúgbó obìnrin, ó sá kọjá àwọn ọmọdé tó ń sunkún, òun ló sì kọ́kọ́ dé odò. Nígbà tó yíjú padà, èéfín ti bo gbogbo òkè náà.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀mí Àwẹ̀ró pin.